Ojú-Kì-í-Ṣì àti Àwòrán Kẹjọ

Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé ẹnu ló ń kó bá a. Ẹlòmíràn, ikùn ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n tá a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ojú ló kó bá a, kì í sì í ṣe pé ojú náà fọ́ o. Ó ríran ju ológbò lọ. Ìyọnu rẹ̀ ni pé kò sóhun tó máa rí tí kò ní sọ ọdún tí wọ́n ṣe é.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ìtàn iṣẹ́ ọnà: àwòrán ara ògiri, ère, igi gbígbẹ́, ta ló ṣe é, ìgbà wo ló ṣe é, kí ló ń rò nígbà tó ń ṣe é. Iṣẹ́ gidi ni, kò sẹ́ni tó ní kì í ṣe iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta iyọ̀, bó bá délé, á gbé igbá iyọ̀ kalẹ̀. Tirẹ̀ kò gbé e kalẹ̀. Bó bá wọ ilé onílé, kó tó kí wọn, á ti yí àga wọn dojú dé, á máa wo abẹ́ rẹ̀. Á ní, "Àga yìí á tó ọgọ́rin ọdún." Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, á gbé àwo sókè kó lè rí ìdí rẹ̀, ọbẹ̀ á sì máa ṣàn lọ sórí itan rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ojú mi kì í ṣì," báyìí ló máa ń wí. "Ọgbọ̀n ọdún rèé, mi ò tíì ṣi ọdún ohunkóhun sọ rí."

Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe sọ ọ́ ní Ojú-Kì-í-Ṣì nìyẹn. Wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Òun rò pé oyè ni.

Ẹ má wulẹ̀ béèrè bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe dépò. Ó dépò bí ìrì ṣe ń dé orí ewé, kò gun àkàbà. Wọ́n fi í ṣe olórí ẹ̀ka ìtàn iṣẹ́ ọnà nítorí pé olùkọ́ méjì péré ló wà níbẹ̀, èkejì sì fẹ́ lọ bímọ. Wọ́n tún fi í ṣe olórí gbogbo ẹ̀ka tó wà nínú ilé alájà mẹ́ta yẹn nítorí pé àwọn méjì tó ń du ipò náà ju ìwé lu ara wọn níbi ìpàdé, wọ́n sì ní kí àwọn méjèèjì lọ jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tó yá, ọ̀gá àgbà yunifásítì ń wá igbákejì tí kò ní máa wo ẹ̀yìn òun. Wọ́n sọ fún un pé ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé àga ló ń wò, kì í wo ẹni tó jókòó lé e. Ọ̀gá àgbà ní kí wọ́n tètè mú un wá. Kò pé ọdún méjì, ẹ̀yìn ń ro ọ̀gá àgbà, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, Ojú-Kì-í-Ṣì bá di adelé.

Gbogbo àga tó jókòó sí láyé rẹ̀, ẹlòmíràn ló ṣèèṣì dìde kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ò rò ó bẹ́ẹ̀. Lójú tiẹ̀, ojú rẹ̀ ló gbé e débẹ̀.

Adelé ò kúkú nílé. Ìyẹn ló ń dà á láàmú. Bí ọdún kan bá pé, ìgbìmọ̀ aláṣẹ yunifásítì á jókòó, wọ́n á pinnu bóyá kí wọ́n fún un ní ipò náà pátápátá fún ọdún márùn-ún tàbí kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Ọjọ́bọ̀ kan ni wọ́n fi ìpàdé náà sí. Ojú-Kì-í-Ṣì ti sọ fún àwọn àna rẹ̀ pé òun ti gbà á. Ó ti sọ fún agẹrun. Ó ti sọ fún ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe. Ìyàwó rẹ̀ ti di ẹrù sínú páálí mọ́kànlá, ó ń dúró de ilé ńlá tí wọ́n ń fún ọ̀gá àgbà, ilé tó ní àtẹ̀gùn nínú. Bí ìgbìmọ̀ bá wá ní rárá, ibo ló fẹ́ fojú sí?

Akọ̀wé kan wà ní ọ́fíìsì náà, obìnrin àgbà, wọ́n ń pè é ní Ìyá Fáìlì. Ó ti bá ọ̀gá àgbà márùn-ún ṣiṣẹ́. Ó mọ ibi tí gbogbo ìwé wà, ó sì mọ ohun tó lé ọ̀gá kọ̀ọ̀kan lọ. Obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò tiẹ̀ sáyè. Tó bá ti lanu, Ojú-Kì-í-Ṣì á sọ ọdún tí wọ́n kọ́ ilé náà fún un.

Ohun àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àga àlejò. Lọ́jọ́ tí Ojú-Kì-í-Ṣì wọ ọ́fíìsì, ó yí àga onígi tó wà níwájú tábìlì dojú dé, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó fi ahọ́n kàn án díẹ̀. Ó ní ó ti pé igba ọdún. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó sí i mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, òòró ni àlejò ń dúró, títí kan àwọn tí orúnkún ń dùn. Ní oṣù kẹta, ẹsẹ̀ àga náà yẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe káfíńtà yunifásítì. Ìyẹn yí i dojú dé, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wá wo ọmọ mi."

"Ọmọ ta ni?" Ojú-Kì-í-Ṣì béèrè.

"Èmi ni mo kàn án, ọ̀gá. Ọdún tí a já àbíkẹ́yìn mi lẹ́nu ọmú ni. Ẹ wo ìṣó yìí, ara àpótí ọṣẹ ni mo ti yọ ọ́. Mi ò rí ìṣó gidi lọ́jọ́ náà."

Ojú-Kì-í-Ṣì wò ó tàánútàánú. "O tún un ṣe ni. O ò mọ ohun tó o tún ṣe."

"Ọ̀gá, orúkọ mi ló wà lábẹ́ ibí yìí."

Lóòótọ́, orúkọ náà wà níbẹ̀, pẹ́ńsù ló fi kọ ọ́. Ojú-Kì-í-Ṣì tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà pípẹ́.

"Ohun tí ìyẹn ń sọ fún wa," ó ní, "ni pé wọ́n ti ń jẹ́ orúkọ yìí láti igba ọdún sẹ́yìn."

Káfíńtà kó òòlù rẹ̀, ó jáde. Ó kọjá lọ́dọ̀ Ìyá Fáìlì. Ìyẹn ò gbójú sókè. Ó ní, "Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Àgbà tó bá wá kọ ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ńkọ́, kí la ó pe ìyẹn?"

"Ọ̀gá," káfíńtà ní. "Ọ̀gá la ó máa pè é."

Ìyẹn ṣì kéré. Ti ilé ìkàwé ló dé ìta.

Olùtọ́jú ilé ìkàwé, obìnrin kan tó ga, tí kì í gbé ohùn sókè, ti kọ lẹ́tà mẹ́rin pé òrùlé ń jò sórí ìwé. Ojú-Kì-í-Ṣì ò ka lẹ́tà kankan nínú wọn. Bí lẹ́tà bá dé, òǹtẹ̀ ara rẹ̀ ló máa ń wò. Nígbà tí lẹ́tà karùn-ún dé, ó gbéra lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀. Yàrá ìkàwé kún fún akẹ́kọ̀ọ́. Olùtọ́jú na ọwọ́ sókè, níbi tí omi ti ya ìlà pupa rúsúrúsú sára àjà.

"Ọ̀gá, ibẹ̀ nìyẹn. Ìwé tó ti bàjẹ́ ti lé ní igba."

Ojú-Kì-í-Ṣì gbójú sókè. Ojú rẹ̀ tàn. "Ẹ wò ó. Ẹ wo bí àwọ̀ ṣe ki láàárín, tó wá ń fẹ́lẹ́ lọ sí etí. Ẹni bá mọ̀ ọ́n wò, á mọ̀ pé omi ọdún mẹ́fà nìyí."

"Ọdún méje ni, ọ̀gá. Ọdọọdún ni mo ń kọ ọ́ sílẹ̀."

"Mẹ́fà. Ojú mi kì í ṣì. Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, ẹ ń dí wọn lójú." Ó kọjú sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wo ibi tó ki jù, ibí yìí gan-an."

Ó fi ọ̀pá gún un.

Wọ́n ní ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tó fọ̀pá gún omi ńkọ́? Orí tútù lòun gbé délé. Àjà ya, omi ọdún méje dà sí i lórí, ìtẹ́ eku sì tẹ̀ lé e, ti ìyá, ti ọmọ. Eku kan jókòó sí èjìká rẹ̀, ó ń wò yíká bí ẹni tó fẹ́ gba ìwé kà. Olùtọ́jú ilé ìkàwé yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Méje," ó ní wẹ́rẹ́.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo yunifásítì ti gbọ́. Kó tó di òpin ọ̀sẹ̀, alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ gbọ́. Alága náà kì í ṣe ẹni àmúṣeré: ìyá àgbà kan tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣe adájọ́, tí kì í rẹ́rìn-ín àfi tó bá dájọ́ tán. Ìyá Fáìlì ló wá sọ fún Ojú-Kì-í-Ṣì.

"Ọ̀gá, wọ́n ń sọ̀rọ̀ eku yẹn lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ o."

Ojú-Kì-í-Ṣì dìde lórí àga. Ìpàdé ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Kí ló fẹ́ ṣe tí wọ́n á fi gbàgbé eku? Ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tó lọ sí yàrá ìpàdé. Ibẹ̀ ló ti gbójú sókè, tó rí ògiri.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ògiri náà, nítorí òun gan-an lẹjọ́. Àwòrán méje ló wà níbẹ̀, àwòrán àwọn ọ̀gá àgbà tó ti jẹ kọjá. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n kan idẹ pẹlẹbẹ mọ́ ọn, wọ́n fín ọdún méjì sí i: ọdún tó gba ipò, ọdún tó fi sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ òfin náà síbì kan, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbálẹ̀ pàápàá mọ̀ ọ́n: ọjọ́ tí ọ̀gá bá ń lọ ni wọ́n ń gbé àwòrán rẹ̀ kọ́. Wọ́n á kọ́ ọ, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á fún un lẹ́bùn, á máa lọ ilé rẹ̀. Ẹni tó bá ti dé ara ògiri yẹn, ó ti kúrò lórí àga nìyẹn.

Ojú-Kì-í-Ṣì nìkan ni kò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ òun ló kọ ìwé pẹlẹbẹ kan lórí àwọn àwòrán náà, ìwé tó fi di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó mọ irú òróró tí wọ́n fi po ọ̀dà. Ó mọ igi tí wọ́n fi ṣe férémù. Àwọn tí wọ́n yà síbẹ̀ ni kò bìkítà fún. Nínú ìwé rẹ̀, ó ní ọdún tó gbẹ̀yìn lára idẹ ni ọdún tí ayàwòrán gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀. Ó tọ̀nà bẹ́ẹ̀ náà, nítorí pé ọdún tí wọ́n ń lọ ni wọ́n ń yà wọ́n. Ẹni tó ṣèèṣì tọ̀nà ló léwu jù láyé.

"Ohun tí ojú bá ti rí lẹ́ẹ̀mẹta, ọkàn á gbà á," ó ń sọ fún ara rẹ̀. "Bí ìgbìmọ̀ bá ń lọ sí ìpàdé, tí wọ́n rí mi láàárín àwọn ọ̀gá àgbà, ta ni á láyà tó lè sọ̀ mí kalẹ̀?"

Ó ránṣẹ́ pe ayàwòrán, bàbá kan tí ọ̀dà wà ní irùngbọ̀n rẹ̀, tó ti ya mẹ́ta nínú àwọn méje yẹn. Bàbá náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ti fẹ́ máa lọ ni?"

"Níbo?"

"Mo kàn ń béèrè ni."

"Ẹ ṣáà yà mí."

Ayàwòrán gbé èjìká sókè. Ẹni tó lorí ló mọ ibi tó ń gbé e lọ. Ọjọ́ mẹ́wàá ló fi yà á, ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ ni Ojú-Kì-í-Ṣì fi ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yàwòrán.

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ nílé, ó gbé ọwọ́ kúrò nínú páálí tó ń dì. "Bàbá àwọn ọmọ, àwọn tó wà lára ògiri yẹn, ta ló ṣì wà lórí àga nínú wọn?"

"Ìyá àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ àwòrán là ń sọ. O ti lọ sórí ọ̀rọ̀ àga."

"Mo gbọ́," ìyàwó ní. Ó fi okùn kejì so páálí náà lẹ́nu.

Ó wá ku idẹ. Alágbẹ̀dẹ tó ń fín lẹ́tà dé pẹ̀lú idẹ pẹlẹbẹ lọ́wọ́. Ó ti fín orúkọ, ó ti fín ọdún tó di adelé, ó sì ti fa ìlà kékeré síwájú rẹ̀. Ó dúró.

"Kí ni ká fi sí ẹ̀yìn ìlà yìí, ọ̀gá? Àbí ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná?"

Ìyá Fáìlì dìde lórí àga rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́, ògiri yẹn, àwọn tó wà níbẹ̀..."

"Wọ́n kọ́ ògiri yẹn ní ọdún mẹ́rìnlélógójì sẹ́yìn, Ìyá Fáìlì. Ẹ fẹ́ kọ́ mi ní ìtàn rẹ̀ ni?" Ó yíjú sí alágbẹ̀dẹ. "Àwòrán tí kò ní ọdún ìparí dà bíi ṣòkòtò tí kò ní okùn. Ọdún wo ni ayàwòrán parí iṣẹ́? Ọdún yìí. Fín ọdún yìí sí i."

Alágbẹ̀dẹ wo Ìyá Fáìlì. Ìyá Fáìlì jókòó padà. Alágbẹ̀dẹ fín in.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n gbé àwòrán kẹjọ kọ́. Káfíńtà ló kan ìṣó rẹ̀. Ó béèrè bóyá kí òun lo ti àpótí ọṣẹ.

Láti ọjọ́ kejì ni gbogbo ayé ti yí padà sí Ojú-Kì-í-Ṣì. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, tí kì í sábà kí i, bọ́ fìlà. "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ti ṣe é débi tí agbára yín mọ." Inú Ojú-Kì-í-Ṣì dùn. Dírẹ́bà rẹ̀ wò ó nínú dígí mọ́tò. "Ọ̀gá, ẹ máa ń lè fẹsẹ̀ rìn dáadáa?"

"Kí ló dé?"

"Ó dáa fún ara ni."

Ojú-Kì-í-Ṣì mi orí. Ẹni tó bá di ọ̀gá, ìlera rẹ̀ di ti gbogbo ayé. Olùkọ́ kan tó ti ń bá a jà láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn wá dì mọ́ ọn ní àtẹ̀gùn. Omi wà lójú rẹ̀. "Kò sí ìjà mọ́," ó ní. "Ohun tó bá ti kọjá ti kọjá." Olórí ẹ̀ka ìṣirò wọ ọ́fíìsì pẹ̀lú téèpù, ó wọn fèrèsé, ó wọn tábìlì, ó jókòó sórí àga ọ̀gá àgbà díẹ̀, ó sì dìde. Ojú-Kì-í-Ṣì rò pé wọ́n fẹ́ ra kọ́tìnnì tuntun fún òun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mú káàdì ńlá wá, gbogbo wọn ló fọwọ́ sí i: *A ò ní gbàgbé yín.* Wọ́n ya eku kan sí igun rẹ̀.

"Àwọn ọmọ yìí nífẹ̀ẹ́ mi, mi ò mọ̀," ó sọ fún Ìyá Fáìlì.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kan péré."

"Ẹ fi í di lẹ́yìn Ọjọ́bọ̀."

Ọjọ́bọ̀ dé. Ojú-Kì-í-Ṣì wọ aṣọ tó wọ̀ nínú àwòrán, ó lọ dúró sábẹ́ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n lè rí méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Fáìlì dúró tòun ti fáìlì rẹ̀. Káfíńtà ń tún ilẹ̀kùn kan ṣe nítòsí, ilẹ̀kùn tí kò bàjẹ́. Olùtọ́jú ilé ìkàwé wà níbẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kẹfà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún orí àtẹ̀gùn. Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni ìgbìmọ̀ wọlé, wọ́n jẹ́ mẹ́sàn-án, alága ló ṣáájú. Wọ́n ń kọjá lọ. Alága dúró. Gbogbo wọn dúró.

Ìyá àgbà náà fi gíláàsì sójú, ó tẹ̀ síwájú, ó ka idẹ. Ó tún un kà.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ta ló gbé èyí kọ́ síbí?"

"Èmi ni, mà."

"Ta ló ní kí wọ́n fín ọdún yìí sí i?"

"Èmi náà ni, mà."

Àwọn ará ẹ̀yìn rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ọ̀kan ní, "Ó ti ń lọ ni? Kò sẹ́ni tó sọ fún mi." Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ní, "Mo rí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ti ra ẹ̀bùn."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé Ojú-Kì-í-Ṣì. Ó yé e láti àtẹ́lẹsẹ̀ gòkè. Ẹ kú iṣẹ́ ti ẹ̀ṣọ́, ẹsẹ̀ rírìn ti dírẹ́bà, téèpù, káàdì, gbogbo rẹ̀ wá tò síwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí àwọn tó fẹ́ gbowó oṣù. Ó lanu.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ọdún tí wọ́n parí àwòrán ni mo..."

Alága gbé ọwọ́ sókè. Ó fa ìwé kan yọ nínú báàgì rẹ̀. "Lẹ́tà tẹ́ ẹ fi béèrè ipò nìyí. Ẹ kọ ọ́ síbí pé, 'Láti ọgbọ̀n ọdún, n kò tíì ṣi ọdún àwòrán kankan sọ rí.' Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?"

"Èmi ni."

"Àwọn méje yìí, ọdún tó gbẹ̀yìn lábẹ́ wọn, ọdún tí wọ́n kúrò nípò kọ́?"

"Ó... ó bọ́ sí ọdún kan náà, mà."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

"Èyí wá ni ìbéèrè mi, ẹ fara balẹ̀ dáhùn." Ó fi ìka kan idẹ kẹjọ. "Bí ọdún yìí bá ṣì, ẹ sọ pé ó ṣì. A ó yọ ọ́ sọ nù, a ó wọlé lọ sọ̀rọ̀ yín, torí pé ẹni tó lè sọ pé òun ṣì, èèyàn lè bá a ṣiṣẹ́. Bó bá tọ́, ẹ sọ pé ó tọ́. Èwo ni?"

Ọ̀rọ̀ méjì péré ni: *ó ṣì*. Ọmọ ọdún méjì lè sọ ọ́. Páálí mọ́kànlá wà nílé tó ń dúró de ọ̀rọ̀ méjì yẹn. Ìyá Fáìlì fi fáìlì bo ẹnu, ó ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: "Ẹ ní ó ṣì. Ọ̀gá, ẹ ní ó ṣì."

Ojú-Kì-í-Ṣì wo apá ọ̀tún, ó rí káfíńtà, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wo apá òsì, olùtọ́jú ilé ìkàwé ń nu gíláàsì. Ó wo òkè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ na ọrùn bí adìẹ tó rí àgbàdo. Ọgbọ̀n ọdún. Kó wá sọ ọ́ níwájú àwọn wọ̀nyí? Níwájú ọkùnrin tó ń fi ìṣó àpótí ọṣẹ kan àga?

Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́ kò ṣeé kó. Ẹyin tiẹ̀ kò bọ́. Òun ló gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, tó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, tó tún bẹ̀rẹ̀ wò ó, kó lè sọ ọdún tí wọ́n yé e.

"Ó tọ́," ó ní.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," alága sọ fún akọ̀wé. "Ó ní ó tọ́." Ó sì rẹ́rìn-ín.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni wọ́n fi dúpẹ́ iṣẹ́ ọdún kan. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n gbé ẹ̀bùn lé e lọ́wọ́, wọ́n wọ yàrá ìpàdé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti fi olùtọ́jú ilé ìkàwé ṣe adelé. Òrùlé lobìnrin náà kọ́kọ́ tún ṣe. Èkejì, ó ní kí wọ́n gbé àga àlejò síwájú tábìlì, kí àwọn èèyàn máa jókòó.

Ojú-Kì-í-Ṣì fẹsẹ̀ rìn délé. Dírẹ́bà ti lọ. Ìyàwó rẹ̀ jókòó lórí páálí.

"Ṣé wọ́n fún yín?"

"Wọ́n fún mi."

"Ọpẹ́ o. Ó dọwọ́ yín?"

"Ó dọwọ́ mi." Ó gbé e sórí tábìlì. "Aago ara ògiri ni."

Ìyàwó wo aago. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ó wo páálí mọ́kànlá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Ó ń ṣiṣẹ́?"

Ojú-Kì-í-Ṣì yí i dojú dé, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n ṣe é."

"Mi ò bi yín lọ́dún," ìyàwó ní. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn.

Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ń gbé àwo sókè. Ohun kan ni kò jẹ́ kó gbádùn: kò sí ọ̀nà míràn láti ọ́fíìsì rẹ̀ dé kíláàsì àfi ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó bá akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan níbẹ̀, ọmọ ọdún àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí kò tíì mọ ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà dúró síwájú àwòrán kẹjọ, ó ń ka idẹ. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí àgbàlagbà kan, ó kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, bàbá tó wà níbí yìí, ẹ mọ̀ wọ́n?"

"Mo mọ̀ wọ́n díẹ̀."

"Ọdún kan péré." Ọmọ náà mi orí, ojú rẹ̀ fà ro. "Àwọn yòókù pẹ́ díẹ̀. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ìgbà wo ni wọ́n kú, sà?"

Ojú-Kì-í-Ṣì wo àwòrán. Ó wo ọmọ náà. Ó lè sọ pé ọmọ náà ṣì, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè ọjọ́ ti gbàgbé gbogbo nǹkan míràn.

"Ọjọ́bọ̀ tó kọjá," ó ní, "bí aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ìyẹn dá mi lójú."